Òkè tí Eusebio Tu Gbòǹgbò Rẹ̀

“Eusebio, jáde wá wo nǹkan!”

Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Marisela bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ki ọwọ́ bọ inú ilẹ̀ tó lanu. Lánàá, ìka méjì péré ló gbà. Lónìí, ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá.

Ẹ̀rù ba Eusebio, ọkọ rẹ̀. Ta ni yóò bá wí? Lóṣù kẹjọ, àwọn panápaná ní kí gbogbo onílé orí òkè gé igbó ìdí ilé wọn nítorí iná. Gé ni wọ́n wí o! Àwa ará Kalifọ́níà níbí, tí a bá gé igi chamiso, igi kúkúrú tó bo àwọn òkè wa, a máa ń fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Eusebio aláṣejù kò fẹ́ kó tún hù mọ́. Ó fi ṣéènì so wọ́n mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi tí kò ga tó èjìká rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju ọkọ̀ lọ, torí inú àpáta ló ti ń wá omi lákòókò ọ̀dá.

Mama Hortensia, arúgbó tó ń dá gbé ní ìsàlẹ̀ òkè náà, kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn. “Ọmọ mi, gé e, má fà á tu. Òun ló di ilẹ̀ yìí mú.”

Eusebio bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà, Mama! Ṣé igi kúkúrú yìí ló gbé òkè dúró?”

Ní báyìí, nǹkan kan kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ òun àti Marisela. Òkúta kan yí lọ sísàlẹ̀, wọ́n gbọ́ bó ṣe gbá ògiri Mama gbà!

“Pe Mama lórí fóònù,” ni Marisela wí.

“Mo ti pè é, kò gbé fóònù. Mo pe àwọn panápaná náà, wọ́n ní ẹrẹ̀ ti dí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Ìwọ wa ọkọ̀, gba ọ̀nà òkè lọ. Mò ń lọ gbé Mama.”

“O ya wèrè ni? Abẹ́ ilẹ̀ tó fẹ́ ya náà lo ń lọ?”

“Èmi ni mo fà á, Marisela.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀kùn Mama ṣí sílẹ̀, Mama jókòó pẹ̀lú báàgì lórí itan, ó ti wọ bàtà.

“Orúnkún mi ò gbé mi,” ni Mama wí. “Igi mélòó ló ṣẹ́kù lórí òkè yẹn?”

“Kò ku ẹyọ kan, Mama. Ẹ dárí jì mí.”

“Má bẹ̀ mí níbí, òkè ń bọ̀. Bẹ̀rẹ̀, kí o pọ̀n mí.”