Ìkòkò Ògì Mẹ́rin

Òórùn rẹ̀ ni kò yé Adébùnmí. Ó ti ọwọ́ bọ inú korobá, ó gbọ́n àgbàdo tó ti wà lómi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e súnmọ́ imú: kò kan rárá. Ògì tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta lómi, ẹni tó bá kàn ṣílẹ̀kùn ilé lásán ló yẹ kó mọ̀. Èyí ń rùn bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ṣáà dà á sínú bílẹ́ńdà, ó lọ̀ ọ́, ó dà á sórí gèlè funfun àtijọ́ kan tó nà sórí síǹkì bí asẹ́, ó ń fún un, ó ń fún un. Ohun tó ń jáde ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí omi ilá.

Ìgbà yẹn ló tó mú ọ̀rá àgbàdo náà, tó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò ló ti rà á. Àgbàdo funfun gidi ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi ẹfun sè é, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó sá a gbẹ. Ká rẹ irú rẹ̀ sómi títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní di ògì. Ẹ sì wá gbọ́ o: ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irúgbìn ní Beltsville lókè òkun ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún! Àgbàdo ló ń rí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdààmú kò kúkú mọ ọ̀mọ̀wé.

"Yéè, mo gbé," ló wí, ó sì da gbogbo rẹ̀ nù.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Aago méjì ọ̀sán ni Jessica ń bọ̀, òyìnbó tí wọ́n ń rán wá sílé láti wo bí Mọ́mì ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Mọ́mì. Apá ọ̀tún wọn kò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lóòjọ́. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Oúnjẹ ni kò ṣeé fara dà. Láti ọjọ́ Àìkú, Mọ́mì kò jẹ ju ṣíbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn a pa ẹnu dé, wọn a yí ojú sí ògiri. Jessica ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: bí Mọ́mì kò bá jẹ ààbọ̀ kọ́ọ̀bù oúnjẹ tó ki lójú òun lọ́jọ́ Ẹtì, òun á kọ̀wé sí dókítà, nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé wọ́n á lu ihò síkùn wọn, wọ́n á ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni oúnjẹ á máa gbà wọlé.

Rọ́bà yìí gan-an sì ni Mọ́mì ti bẹ̀ ẹ́ pé àwọn kò fẹ́. Ní Ìbàdàn ni, lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin Dádì, ẹni tí rọ́bà wà nímú rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́. Mọ́mì di ọwọ́ Adébùnmí mú, wọ́n ní, "Bó bá kàn mí, Bùnmi, ẹ jẹ́ n fi ẹnu mi jẹun títí n ó fi lọ. Ṣèlérí fún mi." Ó sì ṣèlérí. Ta ni kò ní ṣe é?

Ìkòkò kejì, òòtù ni, ọkà àwọn òyìnbó. Ó sè é pẹ̀lú mílíìkì, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀, ó gbé e lọ sí yàrá. Ṣíbí kan péré. Mọ́mì fi ahọ́n tì í síta, ó ṣàn gba àgbọ̀n wọn, Adébùnmí nù ún kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e mì."

Mọ́mì wo ògiri.

Bó ṣe ń fọ ìkòkò ni fóònù dún. Akínwùmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, láti Houston.

"Bùnmi, fọwọ́ síwèé rọ́bà yẹn. Ara ẹ lò ń pa."

"Bùrọ̀dá mi, mo ṣèlérí fún wọn."

"Ìlérí ò ṣeé jẹ. Ebi ló ń pa wọ́n."

"Ẹ wá bá mi sè é nígbà náà!"

Akínwùmí ní iṣẹ́ ò jẹ́, Ọlọ́run á ṣe é, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Inú bí Adébùnmí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Ìkòkò kẹta, ògì gbígbẹ inú ọ̀rá ni, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé. Ó pò ó, ó gbé e kaná, ó ń rò ó. Ó ṣe kókó. Ó fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́, ó dá a padà sórí iná. Nígbà tó yá, ó dán, ó ki, ó dúró lórí ṣíbí bó ṣe yẹ kó dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré gbé e wọlé, ó sì ṣe àṣìṣe tí ọmọ ọdún méje kì í ṣe nílé ìyá rẹ̀. Nítorí kó má baà jó Mọ́mì lẹ́nu, ó ń fi ṣíbí tọ́ ọ wò, ó ń tì í bọ inú àwo padà, ó tún ń tọ́ ọ wò, ó ń bẹ Mọ́mì, ó tún ń tì í bọ̀ ọ́. Ṣíbí tó bá ti wọnú ẹnu, ta ni kò mọ̀ pé kì í padà sínú ògì? Itọ́ a máa já a sómi. Kó tó di pé Mọ́mì la ẹnu, ohun tó wà nínú àwo ti ń ṣàn. Adébùnmí kò wo àwo. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ń wò.

Omi sì lohun tí Jessica ní kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀fun Mọ́mì. Ṣíbí tó fi sí wọn lẹ́nu, ọ̀nà òdì ló gbà. Mọ́mì wú ikọ́ kan, wọ́n wú èkejì, ohùn wọn há, ojú wọn ranjú, ètè wọn dúdú. Adébùnmí gbá wọn mọ́ra, ó tẹ̀ wọ́n síwájú, ó ń gbá wọn lẹ́yìn, ó ń pariwo, "Mọ́mì! Mọ́mì o! Jésù!" Títí èémí fi padà. Títí ìyá arúgbó náà fi rọ̀ sílẹ̀ sí àyà rẹ̀, tí wọ́n ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

Ó tẹ́ wọn padà sórí ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, tó sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tiẹ̀ ti dàgbà, ọmú rèé, kò mà mu ún. Ó ku díẹ̀ kí òun fúnra òun pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí, omi ti pọ̀ ju ọkà lọ.

Ó pe Ìyá Mùíbì ní Temple Hills, aládùúgbò wọn àtijọ́, ẹni tí kì í ra ògì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyẹn fi ní òun ń bọ̀, òun á yà síbẹ̀ kóun tó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó di aago kan ààbọ̀, ó ti dé pẹ̀lú ike áísìkiriìmù kan tí ògì dì sínú rẹ̀ gbagidi. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn kí Mọ́mì, ó ní Ọlọ́run á wò wọ́n sàn, ó wá fa Adébùnmí lọ sí ilé ìdáná.

"O gbé ti àárọ̀ kaná, àbí?"

"Mo gbé e kaná, mà."

"Ta ló kọ́ ẹ? Pò ó kó ki. Jẹ́ kí omi hó kutukutu, kó o wá dà á lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣojo. Ṣé o tiẹ̀ rí ojú ẹ nínú dígí lónìí?"

Kò dúró gba ìdáhùn, iṣẹ́ ń pè é. Adébùnmí yọ́ ògì náà, ó pò ó, ó da omi híhó lé e, ó ń rò ó kíákíá. Lójú rẹ̀ báyìí ni funfun bí ẹfun di funfun tó ń dán. Kíkan rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ó dá a lójú pé òórùn yẹn nìkan á jí Mọ́mì dìde. Ṣíbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló mú lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mọ́mì gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ wo àwo náà dáadáa. Wọ́n wá pa ẹnu dé, wọ́n yí ojú sí ògiri.

Aago ẹnu ọ̀nà dún.

Jessica bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wọlé, ó fa àga súnmọ́ ibùsùn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Mọ́mì kò dá a lóhùn. Ó mí kanlẹ̀, ó fa fọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ.

"Ìbéèrè kan wà níbí tí ó yẹ kí n ti bi yín tipẹ́," ni Jessica wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Oúnjẹ wo ni màmá yín fẹ́ràn jù?"

Adébùnmí wá a lọ́kàn rẹ̀. Ẹja díndín? Rárá, ti Dádì nìyẹn. Iyán ni ti Akínwùmí. Dòdò ni ti òun alára, tí Mọ́mì máa ń fi pamọ́ dè é bó bá ti ilé ìwé dé. Ti Mọ́mì ń kọ́? Ó fi ọkàn wá Mọ́mì lọ sínú ilé ìdáná wọn ní Òkè-Àdó, ó sì rí wọn níbi tí wọ́n máa ń wà nígbà tí gbogbo ilé bá ti jẹun tán, ní ìdúró, pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Bí àlejò bá yọjú, wọn a ní àwọn ti yó. Adébùnmí ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, kò rántí ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ jókòó, tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí ẹnìkan kò tíì jẹ nínú rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì. Kí lẹ fẹ́ jẹ? Ẹ gbàgbé oúnjẹ aláìsàn. Kí ló wù yín, ẹ̀yin gan-an?"

Mọ́mì yí ojú padà kúrò lára ògiri. Ó dà bíi pé ìbéèrè náà ṣàjèjì sí wọn. Ètè wọn mì, ọ̀rọ̀ ń wá ọ̀nà, ó pẹ́ kó tó jáde.

"Kí... ló kù?"

"Kí ni wọ́n wí?" Jessica bèèrè.

Adébùnmí kò lè túmọ̀ rẹ̀. Kò sí nǹkan tó kù, nítorí kò sí ẹni tó tíì jẹ. Òun fúnra rẹ̀, omi lásán ló kan ẹnu rẹ̀ láti àárọ̀. Ó dìde, ó mú àwo méjì wá, ó bu ògì sínú ọ̀kan fún Jessica, ó bu sínú èkejì fún ara rẹ̀, ó sì jókòó sórí ibùsùn níbi tí Mọ́mì ti lè rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ ẹ́," ló sọ fún Jessica.

Jessica tọ́ ọ wò, kíkan ògì mú kó di ojú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ́ lọ. Adébùnmí ń jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ebi mà ti ń pa á o, kò tiẹ̀ mọ̀. Ojú Mọ́mì ń tẹ̀ lé ṣíbí láti àwo dé ẹnu, láti ẹnu dé àwo, títí àwo méjèèjì fi gbẹ. Ìgbà náà ló gbé ìkòkò wá pẹ̀lú ṣíbí tó mọ́.

"A ti jẹ, Mọ́mì, gbogbo wa ti yó. Èyí ló kù."

Mọ́mì yọjú wo inú ìkòkò. Wọ́n la ẹnu.

Ṣíbí kan. Wọ́n gbé e mì. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Jessica gbé fọ́ọ̀mù lé orókún, ó ń kà á ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kọjá ààbọ̀ kọ́ọ̀bù, kò kà á mọ́. Ó fi bírò rẹ̀ kan àyè oúnjẹ tí Mọ́mì fẹ́ràn jù, tó ṣì ṣófo lórí ìwé.

"Kí ni kí n kọ síbí? Ògì?"

Adébùnmí nu ẹnu ìyá rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n."