Orúkọ Tí A Tì Mọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

"Ẹ tún un tẹ̀, mà," nọ́ọ̀sì Olúwakẹ́mi wí.

Ìgbà kẹrin tí mo tẹ bọ́tìnnì láti ṣí ìwé orúkọ àwọn afẹ̀jẹ̀tọrẹ nìyẹn. Ohun kan náà ni kọ̀ǹpútà ń sọ: àsìkò tí ẹ sanwó fún ti parí, ẹ kàn sí ẹni tó tà á fún yín.

Lẹ́yìn ògiri, Àṣìkẹ́ ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. O nẹ́gátíìfù ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ nílé ìwòsàn wa ní Ìlárá. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bodè ni wọn kò ti jẹ́ kí epo dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbòmíràn. Gbọ́lá ọkọ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ láti wá ẹ̀jẹ̀ kiri.

Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Afẹ̀jẹ̀tọrẹ. Ó lé ní igba ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ oníkálukú àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Mẹ́ta péré ló ní irú ti Àṣìkẹ́. Kòkúmọ́ nìkan ni mo rántí, òun náà sì ti há sí Kétu, ní òdìkejì bodè. Àwọn méjì yòókù wà nínú ẹ̀rọ yìí.

Ọdún mẹ́ta la fi lo sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí Tolúlọpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, gbé wá fún wa láti Ìlaró. Ó ní àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló jọ ṣe é, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè ṣí inú rẹ̀ wò kó tún un ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè tì í mọ́ wa. Kò yọ wá lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n Alàgbà Micah, alága wa, ní ohun ọ̀fẹ́ kò níyì. Ó gba ti oníṣòwò kan wọlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, sólà oníṣòwò náà ti wà lórí òrùlé alága. Gbogbo wa rí i. Ó di àrí-ì-gbọdọ̀-wí. Alága ní kí n pa ti àtijọ́ rẹ́, pé ìwé orúkọ méjì kì í gbé inú ẹgbẹ́ kan. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa á rẹ́, nítorí ó ti rẹ̀ mí láti máa bá àgbàlagbà jiyàn.

Mo pe alága lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

"Alàgbà, ìwé orúkọ kò ṣí. Obìnrin kan ń kú lọ."

"Sátidé lòní, Tíṣà. Ọ́fíìsì wọn kì í ṣí. Ẹ mú sùúrù di Mọ́ńdè."

"Ẹ̀jẹ̀ kì í mú sùúrù, sà."

"Ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Àṣìkẹ́ kú kí oòrùn tó wọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ nítorí pé èmi ni mo jókòó nítòsí. Ẹkún kò tilẹ̀ wá. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Nígbà tí Gbọ́lá dé, eruku bò ó dé orúnkún.

Ní Mọ́ńdè tí ọ́fíìsì oníṣòwò náà ṣí, aago mẹ́wàá kò tíì lù tí ẹ̀rọ náà fi ṣí. Mo wá O nẹ́gátíìfù. Orúkọ kejì ni Ọ̀ṣunníyì, tó ń lẹ táyà ní ìkòríta ẹ̀yìn ilé ìwòsàn.

Mo rìn lọ bá a. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo bi í bóyá ó rìnrìn àjò ní Sátidé.

"Epo wo ni mo fẹ́ fi rìn ín, Tíṣà?" Ó sún láti fún mi láyè lórí bẹ́ǹṣì. "Kò sọ́kọ̀, kò síṣẹ́. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ibí yìí náà ni mo jókòó sí, fóònù mi wà lọ́wọ́. Ṣé ẹ wá mi ni?"