Oògùn Aràn fún Àdìgún

Hasanat wà lórí ìkúnlẹ̀, oògùn aràn lọ́wọ́ ọ̀tún, ife omi lọ́wọ́ òsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì kẹ̀yìn sí i bí ẹni tí wọ́n gbé májèlé wá fún.

"Ẹran tútù wo ni wọ́n bá lẹ́nu mi?" Alhaji Nasrullah bi ògiri léèrè. "Aràn kẹ̀? Èmi?"

"Inú tèmi ni wọ́n ti rí i, ọkọ mi."

"Kí ìwọ jẹ oògùn nígbà náà."

"Mo ti jẹ ẹ́. Àbúrò yín náà ti jẹ tiẹ̀."

Láàárọ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń yẹ àwọn olóúnjẹ wò ní Mayfair, àdúgbò wọn nílẹ̀ òkèèrè, pè é sẹ́yìn aṣọ ìkélé, tó rọra sọ fún un pé aràn wà nínú ìgbẹ́ tó kó wá. Hasanat, tí í fọ ìrẹsì títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ tó omi àlùwàlá, fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ìgbẹ́ ẹlòmíràn ni. Nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló tún ń fọwọ́ kan ìkòkò. Kò lè purọ́. Lójoojúmọ́, kí òun tó gbé oúnjẹ lọ tà nídìí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ ní títì, Alhaji yóò da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò lá a, yóò sì tún ki ìka bọ ìkòkò kí iyọ̀ lè dá a lójú.

"Eish, màmá," nọ́ọ̀sì mirí. "Gbogbo ilé ni yóò jẹ ẹ́ lónìí. Bó bá ku ẹnì kan, ẹ má dáná tà lọ́la."

Ọ̀la sì ni Jímọ̀. Bí èrò mọ́sáláṣí bá jáde tí wọn ò bá Hasanat, ọ̀dọ̀ Tawakalit ni wọn yóò kọrí sí, obìnrin tó ń ta dòdò ní òdìkejì títì, tó sì ti ń wo àyè rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

Muqtadir ọkọ rẹ̀ kò wúlò. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló sá sí. "Ẹni tó kọ́ mi ní kéú ni kí n wá sọ fún pé aràn ń bẹ níkùn ẹ̀?"

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Hasanat mọ̀. Àmọ́ orúnkún ń ro ó, ẹ̀sọ̀ sì ti ń tán lọ. Ó ṣe Bismillah nínú ọkàn, ó lanu.

"Àdìgún, ọkọ mi. Ọmọ atẹ́ní-gbàlejò. Ọmọ ajíṣàánú-kí-oòrùn-tó-là."

Èjìká Alhaji dẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní oríkì ilé náà kó tó wọ bàálù, ṣùgbọ́n ibi tó rántí mọ nìyẹn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ kún un.

"Àdìgún tọ́ ọbẹ̀ wò, iyọ̀ ń gbọ̀n. Oògùn rí ọ̀nà ọ̀fun ọkọ mi, ó ní òun ti dé ààfin."

Muqtadir ń wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ikọ́ tí kò jọ ikọ́.

Alhaji yí padà. Ó mú oògùn, ó rún un, kò tilẹ̀ fi omi lé e.

"Ìyá wa ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Níbí, Alhaji ni wọ́n mọ̀. Àwọn ọmọ yín ní Ọ́ńkù."

Ó tún tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ọ̀kan péré ni nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ ni?"

Hasanat fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ọwọ́ òfìfo náà, ó wo ojú ẹni tó ni ín, ó rí i pé kì í ṣe oògùn ló ń tọrọ.

Ó gbé ife sílẹ̀, ó tún ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Ó ku oríkì ìdílé ìyá yín, ọkọ mi."