Káfíńtà Tó Ń Sá fún Bẹ́ǹṣì

Nọ́ọ̀sì wo ìwé àyẹ̀wò, ó wo Abẹ́rẹ́, ó tún wo ìwé.

"Abẹ́rẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ rẹ?"

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ àbísọ. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún èèyàn ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, ni gbogbo àdúgbò bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kòkòrò apa sójà ara ti wà lára rẹ̀, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Hóró oògùn kan lójúmọ́, bó bá ti fọ ẹnu tán láàárọ̀. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kì í rí kòkòrò náà. Òun ni Nọ́ọ̀sì máa ń nàka sí fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Ẹ wo Abẹ́rẹ́, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán." Lónìí, kòkòrò ti jí, ó sì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

"Ṣé o ń lo oògùn rẹ?"

"Mò ń lò ó, mà."

"Lójoojúmọ́?"

Abẹ́rẹ́ tó lè bá ọlọ́pàá fa ọ̀rọ̀ ní ìta gbangba wá ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tóò," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Lọ máa lò ó bó ṣe yẹ. A ó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ yẹ̀ wò. Bí kòkòrò yìí ò bá rọlẹ̀, oògùn yẹn ò ràn án mọ́ nìyẹn, a ó yí i padà fún ọ. Èyí tó kàn kì í ṣe hóró kan lójúmọ́ o. Ó pọ̀, ó wọ́n, ó sì máa ń da inú rú. Bí ìyẹn náà bá tún kọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí òmíràn nílẹ̀."

Abẹ́rẹ́ jáde. Kò yà sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rárá, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe, Káfíńtà náà ni wọ́n ń pè é. Ó dúró sáàárín ẹ̀hà pákó, ó ń fá igi. Ilẹ̀kùn kan tí kò tíì parí fara ti ògiri. Ti Tíṣà ni, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì, tó ti ń bèèrè ilẹ̀kùn náà láti ìgbà tí òjò ṣì ń rọ̀.

Àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ló wà lára Káfíńtà, irú èyí tó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ lábẹ́lẹ̀ láìpariwo. Ọsibítù kan náà ni òun náà ti ń gba oògùn tẹ́lẹ̀, ní yàrá kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn, níbi tí ojú ò ti rí i. Àfi bí àwọn ọ̀gá ọsibítù ṣe jókòó tí wọ́n ṣírò. Wọ́n ní kí ló dé tí dókítà méjì fi ń jókòó sí yàrá méjì? Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn Abẹ́rẹ́: yàrá kan, dókítà kan, ilé oògùn kan. Ìṣirò wọn pé, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Owó oògùn ẹ̀dọ̀ tilẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Ohun tí wọn ò ṣírò mọ́ ọn ni ojú ayé. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níwájú yàrá náà, lójú ọ̀nà tí tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n sí bẹ́ǹṣì àwọn tó ní kòkòrò apa sójà ara. Bí Káfíńtà ò ṣe lọ mọ́ nìyẹn.

Oníkẹ́míìsì kan ló wá sọ fún un pé oògùn tó ń lò wà nínú hóró tí àbúrò rẹ̀ ń gbé mì. Irọ́ kọ́. Ló bá tọ Abẹ́rẹ́ wá, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́: òní tìrẹ, ọ̀la tèmi. Abẹ́rẹ́ rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní kòkòrò tó ti ń sùn láti ọjọ́ yìí, ta ló máa jí i? Ó ṣí ike oògùn, ó bù fún un.

"Bùrọ̀dá, ó tán," ni Abẹ́rẹ́ wí, kò tilẹ̀ kí i. "Mi ò fún yín ní oògùn mọ́. Kòkòrò ti jí nínú ẹ̀jẹ̀ mi."

Káfíńtà gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀. "Ṣé ikú mi lo wá ń wá ni?"

"Tèmi ni mò ń sá fún. Ọ̀la la jọ ń lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fún yín ní tiyín."

"Kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn? Kí aráyé rí mi, kí wọ́n ní èmi náà ti..." Ó gbé ìyókù mì.

"Ẹ ti kí ni? Ẹ parí ẹ̀. Ẹ ti dà bí èmi?"

Káfíńtà ń gbọn ẹ̀hà pákó kúrò lára ṣòkòtò.

"Oògùn mi ò rùn sí yín, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń rùn. Bẹ́ǹṣì tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn fún wọn! Àbí ẹ gbàgbé ìṣó sójú ibi ìjókòó ni?"

Káfíńtà fẹ́ bínú, ẹ̀rín já a gbà. "Ẹnu ẹ yìí á kó bá ẹ lọ́jọ́ kan."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọjọ́ náà. Ẹ tètè wẹ̀ láàárọ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Káfíńtà jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fa fìlà bo ojú bí ẹni tó jí adìẹ. Kò pẹ́ tí ọkùnrin àgbà kan fi wá jókòó tì í. Tíṣà ni.

"Á à! Káfíńtà!"

"Àbúrò mi ni mo sìn wá, sà," ni Káfíńtà wí, ó pariwo rẹ̀ débi pé ìyá kan yíjú wò ó.

Ètè Abẹ́rẹ́ ń yún un. Ó fi eyín di ahọ́n mú. Bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa rí àwáwí gbá mú, á sì dìde lọ sílé. Ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn òun lọ́la nítorí oògùn? Òun sì mọ ara rẹ̀. Bó bá rí i tó ń rù, á tún ṣí ike náà.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ẹni tó kàn!"

Káfíńtà ló kàn. Kò mira.

"Ṣé kò sẹ́nì kankan ni?"

Abẹ́rẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Tíṣà gbé etí fìlà Káfíńtà sókè. "Ìwọ ló kàn, èmi ló tẹ̀ lé ọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó síbí nítorí ẹ̀dọ̀ mi, ẹnikẹ́ni ò tíì bù mí jẹ. Ilẹ̀kùn tèmi, o ò kàn án. Èyí tó ṣí sílẹ̀, o ò wọ̀ ọ́. Irú káfíńtà wo tiẹ̀ nìyí?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà dìde, ó ṣí fìlà, ó wọlé.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì tún yọjú, Abẹ́rẹ́ ló dojú kọ. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń pín ike kan lò?"

"A ò pín in mọ́, mà."

"Ẹ gbìyànjú." Ó pòṣé, ó tún wọlé.

Ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò kejì jáde, Káfíńtà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró de oògùn tirẹ̀. Òun àti Tíṣà ń jiyàn lórí bí ilẹ̀kùn ṣe ń ké nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Bó ṣe rí Abẹ́rẹ́ tó jáde, ó sún fún un.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Kòkòrò ti rọlẹ̀. Hóró kan náà ni mo ṣì ń lò." Abẹ́rẹ́ jókòó, ó gbé ike oògùn rẹ̀ lé itan. "Tèmi nìkan o, Bùrọ̀dá."

"Tìẹ nìkan," ni Káfíńtà wí.