Ìrẹsì Ta Ni Ìyá Ọlọ́yẹ́ Fẹ́ Sè?

Inú ṣì ń bí mi. Ilẹ̀ òkèèrè ni mo wà báyìí, níbi tí mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi, fíìmù ọ̀hún sì ti kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ohun tí wọ́n fi ojú àbúrò mi Mojíre rí nínú rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi.

Iṣẹ́ tíṣà ni Mojíre ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì ní Ìpetumodù, kó tó padà sí agboolé wa ní Ìrẹmọ, n'Ílé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fi fíìmù àwọn akọni hàn án, àwọn tí wọ́n máa ń kóra jọ bí ẹgbẹ́ láti gba ayé là, tí ọ̀kan ń fò, tí èkejì ń fojú yọ iná. Nígbà tó yá, ó sú àwọn ọmọ. Kò sú ìyá àgbà. Bí mo bá pè é lórí fóònù, kí n tó béèrè àlàáfíà ilé, á ti máa ṣàròyé fún mi pé lámọrín ni kò yẹ kó kú, pé tàmẹ̀dò ló yẹ kí wọ́n fi ṣe olórí.

Nítorí náà, nígbà tí Olúmúyìwá Láoyè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ tíátà ní yunifásítì, ń wá ìyá àgbà kan fún fíìmù akọni tirẹ̀, ta ni kó tún máa wá kiri? Ọmọ Ààrá Méje lorúkọ fíìmù náà. Àwọn méje sá òjò sábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́bàá títì, ààrá sán lù wọ́n, kò pa wọ́n, ó fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní agbára. Mojíre ló dàgbà jù nínú wọn. Ìyá Ọlọ́yẹ́ ni wọ́n ń pè é: tó bá ti mí, ọyẹ́ á bo ìlú.

Mo wálé nígbà òjò ọdún yẹn, a sì jọ lọ wò ó ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ogbó, lọ́sàn-án Sátidé. Gbogbo agboolé ló tẹ̀lé wa. Baba Awóyẹmí, baálé wa, jókòó síwájú pátápátá.

Kí n má purọ́, fíìmù náà dùn. Àbùkù pọ̀ lára rẹ̀ o. Mọ́tò tó fò jọ páálí. Akọni méje wọ ilé onílé, ẹnìkan kò kí ẹnìkan, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí adìẹ tó já wọ oko. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ọlọ́yẹ́ dúró ní oríta, tó la ẹnu, tí ọyẹ́ ń tú jáde! Ó kọ́kọ́ bo àwọn páànù tó ti dípẹtà, ó bo òpó iná, ó bo àwọn òkè tó yí wa ká, títí gbogbo ìlú fi funfun. Ìgbà òjò ni mo máa ń wálé; n kò fojú kan ọyẹ́ Ifẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ètè mi gbẹ lórí ìjókòó, mo ń gbóòórùn koríko jíjó, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Àwọn ọ̀daràn tó wá jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé kò rí ọwọ́ ara wọn mọ́. Àwọn ọmọ gba inú ọyẹ́ sá lọ. Bí ọmọ tó kẹ́yìn ṣe kọjá, èémí Ìyá Ọlọ́yẹ́ tán. Ó ṣubú.



Ìgbà náà ni Asáré, akọni tó kéré jù, tí ọ̀kan lára àwọn ọmọ tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lórí fóònù ṣe, wò ó nílẹ̀, ó ní: "Màmá ti lọ o. Ta ló máa wá se ìrẹsì alẹ́ báyìí?" Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ́rìn-ín. Orin bẹ́ sílẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wà nínú mọ́tò, wọ́n ń lọ jà. Ẹnìkan kò fi aṣọ bò ó. Ẹnìkan kò pa ojú rẹ̀ dé.

Àwọn ọmọ yunifásítì tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ìlà tiwa kò rẹ́rìn-ín. Baba Awóyẹmí dìde.

"Wọn ò bò ó!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ jókòó, a ò ríran," ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

"Kí lo fẹ́ rí? Òkú ọmọ mi wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, eṣinṣin ń bà lé e!"

Mojíre, ọmọ wọn ọ̀hún, jókòó tì mí láàyè, ó di ọwọ́ mi mú.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Olúmúyìwá wá sí agboolé wa kó tó padà sí Èkó. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ apá kejì, ó sì fẹ́ gbọ́ bóyá Mojíre yóò ṣe é. Baba ti sọ láti àárọ̀ pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Mojíre sì ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ orí mi yìí, ta ló tún máa pè mí wá gba ayé là? Ṣùgbọ́n n ò lè lọ tí Baba ò bá fọwọ́ sí i."

Olúmúyìwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, dìde," ni Baba wí. "Ìwọ lo pa ọmọ wa?"

"Baba, eré ni, sà."

"Mo mọ̀ pé eré ni! Kí bàbá rẹ tó mọ imú ara rẹ̀ nù ni mo ti ń wo sinimá. Nínú eré náà, wọ́n máa ń sin òkú."

"Kò kú tán, sà. Ó máa padà ní apá kejì. Ọyẹ́ kì í kú, ọdọọdún ló ń padà wá."

"Ẹ bi í ti ìrẹsì, Baba!" Mùnírátù, ìyàwó àbúrò wa, ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ìrẹsì! Odidi tíṣà, tí ò tilẹ̀ mọ ìrẹsì sè!"

Mojíre yíjú sí i. "Ta ni ò mọ ìrẹsì sè?"

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Àwa la máa ń jẹ ẹ́, àwa la mọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú Mojíre kò gba ẹ̀rín. Ó kọjú sí Olúmúyìwá.

"Mo fẹ́ràn fíìmù rẹ. Mo máa tún un wò. Ọyẹ́ yẹn, n ò rí irú ẹ̀ rí nínú gbogbo èyí tí mo ti wò láti ilẹ̀ òyìnbó. Ikú ò sì dùn mí. Àwọn akọni tó jù mí lọ ti kú lójú mi. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn yòókù máa ń dúró. Wọ́n á sorí kọ́. Àwọn ọmọ tí mo gbà là ńkọ́? Ṣé ẹyọ kan nínú wọn ò lè bojú wẹ̀yìn? Àbí nítorí pé mo jẹ́ ìyá arúgbó ni ikú mi ṣe di ọ̀rọ̀ ìrẹsì?"

Olúmúyìwá mú fóònù rẹ̀ jáde. "Mọ́mì, a ya ibi tí wọ́n ti dúró. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ni."

A kóra jọ lé fóònù lórí. Nínú ọyẹ́ yẹn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró. Asáré bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bò ó. Lẹ́yìn náà ó pọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò rìn rí nínú fíìmù náà, tó jẹ́ pé eré ló ń sá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ń gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Kò sí orin, àfi ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mùnírátù fun imú. Baba gba fóònù, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kó tún un fi hàn.

"Ta ló yọ ọ́?" ni Mojíre béèrè.

"Àwọn tó gbówó kalẹ̀, mà. Wọ́n ní ó gùn, pé àwọn ènìyàn á máa dìde lọ. Wọ́n ní ẹ̀rín ni aráàlú ń sanwó fún."

"Ìwọ náà sì dákẹ́?"

"Mo sọ̀rọ̀, mà. Mi ò kàn sọ ọ́ le ni."

Ìgbà yẹn gan-an ni inú wá bí mi. Mo ti rò pé ọmọ náà kò mọ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀, a lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀; ó ti ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé e jù sí ààtàn. Mo bú u. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà sọ lọ́jọ́ ìsinmi.

"Bọ̀dá, ó tó," ni Mojíre wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ kú ni?"

Ó nàka sí Olúmúyìwá. "Mo fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà dé, n ò ní bá ọ̀tá kankan jà títí màá fi bi àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà léèrè ibi tí wọ́n fi mí sílẹ̀ sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa dá mi lóhùn, lórí ìdúró. Asáré ló máa kẹ́yìn. Tó bá dáhùn tán, màá gbá a létí. Kì í ṣe gbígbá ti eré o."

"Mọ́mì, àwọn olówó yẹn..."

"Sọ fún wọn pé kò gùn. Ìgbátí lásán ni."

Gbogbo wa kọjú sí Baba Awóyẹmí. Baba wo Mojíre títí, láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń wá ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀.

"Máa lọ," ni wọ́n wí. "Tí wọ́n bá tún pa ọ́ síbẹ̀, tí wọn ò bá bò ọ́, èmi fúnra mi ni màá wá gbé ọ."