Kóòtù Òtútù Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́

Ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù, kò sí ẹni tí kò mọ kóòtù òtútù Nọ́ọ̀sì Adérónkẹ́. Èkó ló ti rà á, ó nípọn bí ẹní. Ní gbogbo Sátidé, nígbà tí oòrùn bá mú débi pé ewúrẹ́ ń wá ibòji, yóò gbé e jáde, yóò sá a sórí okùn lójúde, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni pé kòkòrò ń jẹ aṣọ. Òtítọ́ náà sì ni pé okùn wà ní ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ ta ní ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá?

"Ẹ kú ìmúra o, Nọ́ọ̀sì! Ìgbà wo lọkọ̀ ń ṣí?" ni Fàsásì télọ̀ máa ń bi í.

"Ó kù díẹ̀." Yóò sì sún ọrùn kì, bí ẹni tí òtútù ti ń mú.

Ó ti pẹ́ tí "ó kù díẹ̀" ti ń kù díẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ agbẹ̀bí tó ti gboyè tán bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ohun tó ń pa ọmọ tuntun. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ó bí ọmọbìnrin kan rí, kí ó tó kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò bá ọmọ náà láyé. Àdúgbò rò pé kóòtù ló ń pe Nọ́ọ̀sì. Kò bá wọn jiyàn.

Dókítà Ọláníyọnu, tí òun ti lọ Ìlú Ọba dé, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹni tí yóò lọ. "Ẹnì kan péré la ó mú, Nọ́ọ̀sì. Ẹ lọ sí Likosi, ẹ bi àwọn ìyá bí ọmọ tí wọ́n bí ṣe pọ̀ tó, èyí tó kú, àti ohun tí wọ́n fi sí ìwọ́ ọmọ. Ìwádìí yẹn la ó fi mọ̀ yín."

Adérónkẹ́ wọ aṣọ funfun tí sítáàṣì mú gan bí pákó, ó di Likosi.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, Ìyá?"

Ọmọ Rẹ́mọ ni Adérónkẹ́. Ó mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bóyá ó rò pé aṣọ funfun ti yọ òun kúrò nínú èèwọ̀. Obìnrin àkọ́kọ́, tí ọmọ ń rá níwájú rẹ̀, tí òmíràn ń sáré, tí òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ní, "Ẹyọ kan ni. Ọlọ́run ló ni ín."

Èkejì náà ní ẹyọ kan ni.

"Èyí tó kú ńkọ́?"

"Ẹ má fẹnu yín pè é o!"

Wọ́n fún un lẹ́yin adìẹ, wọ́n sìn ín dé títì.

Nígbà tí Dókítà gbọ́ àbọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ kú oríire! Ìlú tí ọmọ kì í kú lẹ rí. Ẹ jẹ́ ká ti ilé ìwòsàn pa. Ọjọ́ Jímọ́ ni ìgbìmọ̀ ń jókòó o."

Lọ́jọ́ kejì, Adérónkẹ́ ró ìró, ó we gèlè, ó padà lọ. Ó bá àgbàlagbà obìnrin kan, Ìyá Àwẹ̀ró, àti àwọn ìyàwó ilé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó obì. Ó jókòó, ó ń bá wọn bó o. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó sú Ìyá Àwẹ̀ró. "Ìwọ olùka-ọmọ-ọlọ́mọ, tìrẹ ńkọ́?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Adérónkẹ́ dúró lórí obì.

"Mo bí ọ̀kan, Ìyá. Kò dúró gbọ́ orúkọ. Orúkọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ìyá Àwẹ̀ró kọjú sí ẹ̀yìn ilé. "Kòkúmọ́! Ìwọ àti Málọmọ́, ẹ bu omi wá fún àlejò."

Adérónkẹ́ gbórí sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí káàkiri agboolé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá; sítáàṣì kò jẹ́ kó gbọ́. Ọmọ tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti kú là ń pè ní Kòkúmọ́.

Ó rọra ní, "Ìyá, èyí tó ṣáájú Kòkúmọ́ ńkọ́?"

"Òun náà ò gbọ́ orúkọ. Erùpẹ̀ ògiri la fi sí ìwọ́ ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ dì, kò lè mu ọmú mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi, Ìyá. Erùpẹ̀ ògiri."

Nígbà náà ni àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn, ojú wọn wà lórí obì.

Lọ́jọ́ Jímọ́, Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ti wá gbà láti ka ọmọ fún yín?"

"Wọn ò kà wọ́n, Dókítà. Orúkọ àwọn àbúrò wọn ni mo gbọ́."

Òun ni wọ́n mú.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, oòrùn ń jó bí iná lórí páànù Ọ̀fin, Nọ́ọ̀sì sì wọ kóòtù. Fàsásì ń pariwo, "Ó mà ti tó o, Nọ́ọ̀sì!" Òógùn ń ṣàn lójú Nọ́ọ̀sì, kò bọ́ kóòtù náà. Ní Likosi, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, Ìyá Àwẹ̀ró dá ọkọ̀ náà dúró, ó ki obì bọ̀ ọ́ lápò.

"Orúkọ wo lo tọ́jú fún ọmọ rẹ?"

"Olúkẹ́mi."

Ìyá Àwẹ̀ró gbóhùn sókè, bí ìgbà tí àgbà bá ń sọ ọmọ lórúkọ lójú agbo: "Olúkẹ́mi!"

Kò sẹ́ni tó jẹ́. Ọkọ̀ ṣí. Adérónkẹ́ fa kóòtù náà mọ́ra nínú oòrùn ọ̀sán. Òtútù ń mú un.