Bí A Ṣe Ń Gbé Dùùrù Sọ̀kalẹ̀

"Glenys! Ṣé o fẹ́ dáná sun wá ni?"

Inú pálọ̀ ni Clifford ti ń pariwo, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti ṣá ìṣáná. Ó ti bu omi kún síǹkì, ó sì fi ẹ̀mú di nǹkan dúdú kan tí kò ju èékánná lọ mú sókè omi náà. Ara àwọn páànù tí wọ́n fi bo ilé alájà gíga wọn ló ti rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú páànù ọ̀hún láti ìsàlẹ̀ nígbà òtútù, wọ́n sì pa iṣẹ́ tì. Ẹ̀bá ibi ìdalẹ̀sí ni Glenys ti he àfọ́kù kan.

"Mo ṣe bí irin lásán ni, Cliff. Irin fẹ́lẹ́ lókè, irin fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, rọ́bà láàárín. Bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi wàràkàṣì há láàárín."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Rọ́bà náà kò kọ́kọ́ gbaná. Ó súnkì, ó rọ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń jó bí àbẹ́là. Ó ń kán sínú omi, iná wà lórí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, ó ń dún ṣìì, ṣìì. Ọjọ́ pẹ́ tí Glenys ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé ní Salford, iná epo kò ṣàjèjì sí i. Àmọ́ iná tó ń kán bí òjò, kò rí irú ẹ̀ rí.

Ó lọ sí ojú fèrèsé, níbi tí etí páànù ti ṣí díẹ̀ kúrò lára ògiri, ó na òwú ìránṣọ kan sẹ́nu àlàfo náà. Òwú náà dìde, ó nà ró gangan sókè.

"Àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀," ó ní. "Iná á máa kán sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fà á ròkè. Áà! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yí òfin padà."

Látọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé òkè kẹsàn-án yìí, òfin kan ni gbogbo ayálégbé mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀: bí iná bá ń jó nílé ẹlòmíràn, ti ìlẹ̀kùn rẹ, kí o jókòó. Bí aago iná bá dún, ńṣe ni wọ́n ń gbé kẹ́tùlù kaná. Ní báyìí, ẹ̀ṣọ́ kan ń rìn káàkiri inú ilé tòun ti fèrè lọ́rùn. Bó bá fọn ọ́n, kí oníkálukú gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ kíá. A kì í sì í wọ ẹ̀rọ agbéniròkè bí iná bá ń jó. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún Clifford, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń gbé. Kì í tilẹ̀ jáde mọ́, nítorí kò fẹ́ kí ará ilé rí òun bẹ́ẹ̀.

"Òfin àtijọ́ ni tèmi," Clifford sọ. "Èmi á jókòó, àwọn panápaná á wá bá mi. Ìwọ máa ṣáájú, Glen. Ṣèlérí fún mi."

"Ọ̀rọ̀ rírùn ni o ń sọ yẹn."

Ìlẹ̀kùn dún. Denzil ẹ̀ṣọ́ ni, ó ń fimú fa òórùn.

"Màmá, kí ló ń jóná?"

"Èmi ni mo jó o. Wọlé, ọmọ mi. Bí o bá fọn fèrè yẹn, ta ló máa gbé bàbá yìí?"

Denzil wo ilẹ̀. "Wọ́n ní kí n fọn fèrè, kí n lu ìlẹ̀kùn. Wọn ò sọ ti ẹni tí ò lè rìn. Àmọ́ mo lè pọ̀n wọ́n."

"Pọ̀n ta ni?" Clifford bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, níbi tí àtẹ̀gùn ti kọ́kọ́ yí la ti máa wó lu àwọn tó wà níwájú."

Glenys kò rẹ́rìn-ín. Ó ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ bọ́ sórí àga gbọọrọ, ó gbé àpò ọ̀dùnkún sórí àga oníkẹ̀kẹ́ dípò rẹ̀ láti fi dán an wò, òun àti Denzil sì tì í lọ sẹ́nu àtẹ̀gùn. Denzil di ẹ̀yìn àga náà mú, Glenys di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àga náà fò lẹ́ẹ̀kan, ó yí dànù, ọ̀dùnkún sì ń fò lórí àtẹ̀gùn lọ.

Farzana, aládùúgbò wọn, yọjú. "Àǹtí Glenys, ṣé ibí lẹ ti fẹ́ din ín ni?"

"Ẹ ò mọ ẹrù gbé!" Clifford kígbe láti orí àga gbọọrọ, ó ń wò wọ́n gba ẹnu ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Òun tó fi ìgbà èwe rẹ̀ kó ẹrù àwọn tó ń kó kúrò nílé, tó gbé dùùrù píánò gba àtẹ̀gùn gbogbo Salford! "Ta ló ní ẹni òkè ló ń gbé ẹrù? Ẹni ìsàlẹ̀ ló ń gbé e, ẹni òkè ń darí ni. Táyà ò sì mọ àtẹ̀gùn. Àga ilé ìdáná ni kí ẹ lò. Glen, bẹ́líìtì tí mo fi ń gbẹ́rù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Wọ́n gbé àga ilé ìdáná wá síwájú rẹ̀, Farzana sì tẹ̀ lé wọn wọlé. Bẹ́líìtì fífẹ̀ náà ṣì ń rùn òógùn àtijọ́. Clifford fi ọwọ́ òsì júwe bí wọ́n ṣe máa gbé e kọ́ èjìká, bó ṣe máa gba abẹ́ ìjókòó kọjá. Àga wà nílẹ̀, ẹrù ló kù, òun gan-an sì ni ẹrù náà. Clifford wo Farzana, ó wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ tó kú, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Cliff," Glenys sọ ní jẹ́jẹ́, "ǹjẹ́ dùùrù kankan wà tó tijú lọ́wọ́ rẹ rí?"

Clifford yíjú padà sí i. "Rárá. Àmọ́ àwọn míì máa ń ké."

"Ẹ kúkú ké, Bàbá," Denzil sọ. "Ariwo ti mọ́ mi lára."

Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n de ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà. Lẹ́nu àtẹ̀gùn, Denzil gba ìsàlẹ̀, Farzana gba òkè. "Ẹ jẹ́ kó wúwo sẹ́yìn. Sinmi. Yí. Ẹ ṣọ́ra, kọ̀rọ̀ yẹn máa ń jẹ ìka." Ohùn Clifford ti yàtọ̀, ohùn ọ̀gá ni. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ tán láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣubú.

Níbẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tí ń dá iná dúró wà, èyí tó wúwo, tó ń ti ara rẹ̀. Ẹ̀yìn Denzil kàn án. Ọwọ́ òun àti Farzana kò ṣófo.

"Ẹni ìlẹ̀kùn dà?" Clifford bi wọ́n. "A kì í gbé dùùrù láìní ẹni ìlẹ̀kùn." Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn wọn. "Glen, ìwọ máa ṣáájú."

Glenys fara mọ́ ògiri kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó tari ìlẹ̀kùn náà ṣí, ó fi ẹ̀yìn dá a dúró gbagidi, ó sì wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀.